Adìẹ Àlejò

Adìẹ wà nílé Nàfíù, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n ń jẹ nílé náà, inú fìríìjì ọlọ́jà ló ti ń wá. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí kò ní gbà á gbọ́. Adìẹ á máa jẹ̀ káàkiri àgbàlá, á máa yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, á máa fò gun orí ìkòkò, àwọn onílé á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa họ egungun apá adìẹ tí ọkọ̀ òkun gbé wá láti ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀, ẹran tó ti pẹ́ nínú yìnyín débi pé omi ló ń dà jáde lára rẹ̀ tí iná bá kàn án. Ròdíyátù, ìyàwó ilé, ló ń sin àwọn adìẹ náà. Òun ló ń ra ọkà bàbà fún wọn, òun ló ń kó wọn lọ gba abẹ́rẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, òun ló ń gbá àgò wọn láràárọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi í pé ta ló ni adìẹ, yóò dáhùn pé, "Bàbá Faïza ni." Bí ẹ bá sì bi Bàbá Faïza, ìyẹn Nàfíù ọkọ rẹ̀, yóò ní, "Ti àlejò ni."

Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Pissy, àdúgbò wọn ní Ouaga, eruku bo ewé, ó bo aṣọ orí okùn, ètè gbogbo ènìyàn sì ti là. Ròdíyátù ṣí àgò, ó fọ́n ọkà sílẹ̀, ó dúró, ó ń yan èyí tí yóò pa. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni nọ́ọ̀sì ti fa ìpéǹpéjú Faïza ọmọ wọn wálẹ̀ nílé ìwòsàn, tó rí i pé ó funfun bí ẹ̀fun. Ibà ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà tán. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fún un ní ẹyin, ẹ̀dọ̀ àti ẹran gidi, ó sì béèrè bóyá wọ́n ní adìẹ nílé. Ròdíyátù fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ní in. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé fún ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ tóun ń ṣe lẹ́yìn àgò yóò já sí nǹkan fún ọmọ òun.

Ó gbé àgbébọ̀ pupa kan, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń nu alùpùpù rẹ̀.

"Bàbá Faïza, ẹ bá mi dúńbú eléyìí kí ẹ tó lọ ṣọ́ọ̀bù."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí Faïza. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí."

Nàfíù kò wo adìẹ náà. Ó ń nu ibi kan náà tó ti nù tẹ́lẹ̀. "Ìyá Faïza, ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ òní ni? Àlàájì Fàrúúkù ń bọ̀ tí a bá kírun Alaasari tán, òun àti àwọn àgbà mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ alága ni wọ́n fẹ́ wá parí."

Àwọn ọmọ Ṣábẹ tó wà ní Ouaga ni wọ́n fẹ́ yan alága tuntun fún ẹgbẹ́ wọn, ipò náà sì ti wọ Nàfíù lójú. Ọkùnrin náà ń ta ohun èlò alùpùpù ní Zangouettin, ó ń rí jẹ, ó ń rí mu, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó ń dìde fún un níbi ìpàdé. Ọ̀nà tí ènìyàn sì fi ń dẹni tí wọ́n ń dìde fún nílùú yìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àlejò pàtàkì kì í kúrò nílé àwọn Mọ̀sí, onílẹ̀ ìlú náà, lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á so adìẹ ààyè lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Ṣábẹ bá àṣà náà níbẹ̀, wọ́n gbà á mọ́ra, wọ́n sì fi ti ìlú wọn kún un. Ní tiwọn, àlejò á kọ́kọ́ jẹ adìẹ yó, á tún mú adìẹ relé.

"Àkùkọ méjèèjì la ó fi se ọbẹ̀," ni Nàfíù wí. "Àgbébọ̀ márùn-ún ló wà. Àgbà márùn-ún ló ń bọ̀. Èyí tó o gbé dání yẹn, ó ti lẹ́ni tó ni ín."

"Faïza ńkọ́?"

"Màá ra apá adìẹ bọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà ní Patte d'Oie. Ṣé ìyẹn kì í ṣe adìẹ ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní ẹran gidi."

"Nọ́ọ̀sì kọ́ ló máa bá mi gbàlejò. Tí wọ́n bá lọ tán, a ó wá nǹkan ṣe sí ti Faïza. D'accord?"

Ròdíyátù ti gbọ́ ọ rí. Ohun tí Nàfíù wí nígbà tí lèmọ́mù wá nìyẹn, ohun tó wí nígbà tí onílé wá nìyẹn, àlejò kò sì yé wá sílé Nàfíù.

"Tó bá jẹ́ ẹyin nìkan ńkọ́?" ni Ròdíyátù béèrè níkẹyìn.

Kí Nàfíù tó la ẹnu, ohùn ìyá rẹ̀ ti jáde láti inú yàrá. Ojú ìyá arúgbó náà ti ń ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ọmọdé lọ. "Ẹyin kọ́ o! Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló ń kọ́."

Nàfíù gun alùpùpù, ó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, obìnrin tó ní adìẹ lọ́wọ́, tó ní ọ̀bẹ nílé, tó sì ní ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó yẹ kó mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í dúńbú ẹran. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Ròdíyátù nìyẹn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ìyá tó bí i nìyẹn. Ẹran tí obìnrin bá dúńbú, òkúǹbete ni. Kò sẹ́ni tó béèrè rí nínú wọn pé ibo ni wọ́n ti kà á. Ìyẹn ni pé obìnrin lè sin adìẹ láti inú ẹyin, kó tọ́jú rẹ̀ títí tó fi dàgbà, àfi kó wá ọkùnrin kan tí yóò fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn kó tó lè rí i jẹ.

Ó wé gèlè, ó fi adìẹ sábẹ́ apá, ó lọ bá Bìláàlì. Ọmọ Mọ̀sí ni Bìláàlì, ìmàle sì ni. Ó ń yan adìẹ tà létí títì, òun náà ni gbogbo àdúgbò ń gbé adìẹ lọ bá tí ọkùnrin kò bá sí nílé. Èdè Jùlá ni wọ́n jọ ń sọ. Ròdíyátù kí i, ó kí àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí àga gbọọrọ tí wọ́n ń mu tíì.

"Ẹ bá mi pa á. Ti ọmọ mi tí ara rẹ̀ kò yá ni."

Bìláàlì gba adìẹ náà, ó gbé e wò, ó sì yìn ín pé ó wúwo. Lẹ́yìn náà ló wá rántí. "Bàbá Faïza mọ̀ sí i?"

"Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀, Madame. Ó ti bá mi sọ̀rọ̀ pé àwọn àgbà ń bọ̀ lónìí ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é kó má di ìjà."

Ó pè é. Ó gbé fóònù sórí tábìlì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rá, gbogbo àwọn tó ń mu tíì sì gbọ́ ohùn Nàfíù ketekete: "Má pa á o! Adìẹ àlejò ni. Dá a padà fún un, kó gbé e lọ sílé!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní ayé ti bàjẹ́, obìnrin ti fẹ́ máa jẹ adìẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bìláàlì gbé adìẹ náà lé Ròdíyátù lọ́wọ́, kò lè wò ó lójú. "Madame, ẹ má bínú," ló ń wí. Ròdíyátù gbé adìẹ rẹ̀ padà. Kì í ṣe ẹ̀rín yẹn gan-an ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé òun dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú adìẹ tóun fúnra òun sìn.

Honorine, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan náà, ti gbọ́ kí ó tó délé. Ọmọ Kétu ni, Kìrìsìtẹ́nì ni, ẹnu rẹ̀ kò sì lábùlà.

"Ìyá Faïza, gbé adìẹ yẹn wá. Raphaël ọkọ mi wà nílé. Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà á."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Bienvenu. Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó wọ ìkòkò tó bá jẹ́ Bàbá Bienvenu ló pa á."

"Haa! Ọ̀bẹ ọkọ rẹ ò gbà, ọ̀bẹ ọkọ tèmi ò dáa, ọ̀bẹ tìẹ náà èèwọ̀. Ọmọ á wá máa jẹ àdúrà." Honorine gbé korobá kalẹ̀. "Ẹyin ńkọ́?"

"Ìyá ní á kọ́ ọ lólè jíjà."

Honorine gbé ohùn sókè kí ìyá arúgbó lè gbọ́ ọ dáadáa. "Mo gbọ́ o! Bienvenu tèmi ń jẹ ẹyin láràárọ̀, kò tíì jí abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ káàkiri yìí, ṣé ẹyin ni ìyá wọn fi wò wọ́n?"

Láti inú yàrá, a kàn ń gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà tó ń kọlura.

Nàfíù padà dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó gbé àpò oníke kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ń ro tó tó tó lára rẹ̀. Apá adìẹ ni. Ó bọ́ agbádá, ó pọ́n ọ̀bẹ lára òkúta, ó kọjú sí gábàsì, ó dúńbú àkùkọ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, a kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó fi ọ̀bẹ lélẹ̀ tó ń fọ ọwọ́ ni Ròdíyátù tún gbé àgbébọ̀ pupa dé iwájú rẹ̀.

"Eléyìí náà, Bàbá Faïza."

"Ìyá Faïza, kí ló ń ṣe ọ́? O ti dójú tì mí níwájú Bìláàlì láàárọ̀, kò tó ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ dójú tì mí. Ẹ ní kó dá a padà fún mi bí ẹni pé mo jí i."

"Àgbà márùn-ún! Tí mẹ́rin bá mú adìẹ lọ tí ẹnì karùn-ún ń wojú, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ẹni tí kò lè ṣètò ilé rẹ̀ fẹ́ ṣètò ẹgbẹ́."

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni Ròdíyátù wí.

Nàfíù pariwo mọ́ ọn. "Má pòwe fún mi! Mo ti ra ẹran wá. Ṣé o kò rí i ni?"

Faïza ló ń gbé àwo lọ sí pálọ̀ ní àkókò náà, nítorí pé wọ́n ti ní kó nu wọ́n fún àlejò. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ògiri àgbàlá, ó dúró. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó rọra kó àwo sílẹ̀ kí wọ́n má baà fọ́, ó sì jókòó tì wọ́n bí arúgbó.

"Kí ló dé?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

"Òòyì ni, Bàbá. Ó máa lọ."

"Ẹ wò ó," ni Ròdíyátù wí. "Ẹ wò ó dáadáa."

Nàfíù wò ó. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí aago fóònù rẹ̀ dún, ó rántí àlejò. "Fún un ní omi oníṣúgà," ló wí, ó sì yíjú.

Ròdíyátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Kò sáré. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìyẹ́ adìẹ náà mọ́lẹ̀ bó ti rí i tí àwọn ọkùnrin ń ṣe láti kékeré, ó kọjú sí ibi tí ọkọ rẹ̀ kọjú sí, ó ní, "Bísímílááhì," ó sì dúńbú rẹ̀.

Honorine tó ń fa omi lẹ́nu ẹ̀rọ jẹ́ kí korobá rẹ̀ kún, kó kún àkúnwọ́sílẹ̀.

"Òkúǹbete ni!" Nàfíù ló pariwo. "Mo ní òkúǹbete ni! Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fẹnu kàn án nílé yìí. Gbé e dà nù. Ìyá! Ìyá, ẹ wá wo ohun tí ìyàwó yín ṣe!"

Ìyá arúgbó náà jáde. Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ wá etí òkúta, ó jókòó. Ròdíyátù ṣì mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó ti mọ ohun tí yóò gbọ́. Ó ti ń ka ẹrù rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde.

"Nàfíù," ni ìyá wí, "ọdún tí bàbá rẹ lọ sí ìlú Àkàrá tí a kò gbúròó rẹ̀, o jẹ ẹran lọ́dún yẹn, àbí o kò jẹ ẹran?"

"Mo jẹ ẹ́, Ìyá."

"Ta ló pa á?"

Nàfíù wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ni," ni ìyá wí. Ó gbé e sókè, ọwọ́ tó ti gbẹ. "Bísímílááhì náà ni mo ṣe. O jẹ ẹ́, o dàgbà, o ń du alága." Ó na ọ̀pá sí ọ̀dọ̀ Ròdíyátù. "Ìyàwó, tètè da omi gbígbóná sí adìẹ yẹn kó tó le. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kó jẹ ẹyin o. Ẹyin kò sí níbẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ó pẹ́ kí àgbà tó sọ̀rọ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ló fi jókòó sínú yàrá tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi adìẹ rìn kiri.

Nàfíù wọ bàtà, ó gun alùpùpù, ó sì dé padà láìpẹ́ pẹ̀lú àgbébọ̀ kan tó fi orí kodò lára ọwọ́ alùpùpù. Ó rà á lọ́wọ́ Bìláàlì. Owó tí kò rí fi ra adìẹ fọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá, ó rí i fi ra ti àlejò kí ooru ẹnjìnnì tó tutù. Honorine rí i, ó wo Ròdíyátù, Ròdíyátù wo ilẹ̀.

Àwọn àlejò dé. Wọ́n bọ́ bàtà jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọ̀nà, wọ́n béèrè àlàáfíà Ṣábẹ bí ẹni pé àná ni wọ́n kúrò níbẹ̀. Àlàájì Fàrúúkù ní òórùn ọbẹ̀ yìí nìkan ti tó fún alága méjì, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Nàfíù rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ròdíyátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ àkùkọ kalẹ̀, ó padà sílé ìdáná.

Ìkòkò kékeré ló fi se adìẹ tirẹ̀. Ó bu ìrẹsì sínú àwo fún Faïza, ó fi itan lé e, ó fi igẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀dọ̀ àti iwe lé e, ó tún bu ọbẹ̀ tó ní ọrùn àti ẹsẹ̀ méjèèjì sí i, nítorí pé ó fẹ́ kó kún. "Jẹun, ọmọ mi. Jẹ ẹ́ tán." Ó yíjú sí ààrò láti fẹ́ èédú.

Nígbà tó máa wo ẹ̀yìn, Faïza ti ṣí ìdérí ìkòkò, ó ti yí inú rẹ̀ sókè bí àwo. Ó ti kó itan sínú rẹ̀, ó ti kó igẹ̀ sí i, ẹ̀dọ̀ àti iwe wà lókè. Ohun tó kù níwájú òun fúnra rẹ̀ ni ọrùn àti ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ìrẹsì. Ó ti ń lá ọrùn.

"Faïza! Kí lò ń ṣe?"

"Ti Bàbá ni, Maman. Ti Bàbá àti àwọn àlejò."

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Bó ṣe máa ń rí ni."

Omi dà lójú Ròdíyátù. Láti òwúrọ̀ ló ti ń bá ọkọ jà, tó ń bá ará àdúgbò jà, tó sì ń bá ọ̀bẹ jà, kò mọ̀ pé ibi tí ìjà náà gbé le jù ni inú ọmọ rẹ̀. Òun náà sì ti bá wọn kọ́ ọ. Òun ló ń pín ẹran nílé yìí láti ọjọ́ tí Faïza ti lójú.

Nàfíù wọlé pẹ̀lú àwo òfìfo lọ́wọ́. "Ìyá Faïza, ẹran ti tán níwájú wọn o. Ṣé ó ku—"

Faïza dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdérí ìkòkò náà, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Agbára kò sí lápá rẹ̀, irin náà ń gbọ̀n, iwe ń yí kiri lórí itan.

"Bàbá, ẹ gbà."

Láti pálọ̀, Àlàájì Fàrúúkù ń sọ ìtàn kan, àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Ròdíyátù kò nu ojú rẹ̀. Ó dúró ti ààrò, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó sì ń dúró de ohun tí yóò ṣe.

Nàfíù wo ẹran náà. Ó wo apá ọmọ rẹ̀ tó gbé e dání. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí ẹnì kan fi pè é láti pálọ̀ pé, "Alága, ṣé kò sí nǹkan?" Nàfíù gbé àwo òfìfo náà sílẹ̀.

"Jẹ ẹ́," ló wí.

"Èwo, Bàbá?"

"Gbogbo ẹ̀."

Faïza wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ó jókòó, ó mú itan. Ó ń jẹ ẹ́ kíákíá, ó fi ọwọ́ kejì bo èyí tó kù, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọwọ́ bàbá rẹ̀.